Ṣé kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Jámánì tí mi ò gbọ́ èdè wọn?

Ìyá Ìjọmú, Àkúrẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ mi bímọ sí Jámánì, mò ń lọ bá a wẹ ọmọ. Áńgílíkà ni mí láti kékeré, mi ò lè máa fi Sọ́ńdè jókòó sílé. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá jìnnà sí wọn gan-an, àmọ́ ti Lútérà kan wà ládùúgbò, Jámánì nìkan ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ṣé wọ́n á fún mi ní Kọmúníọ̀nù? Ṣé mo lè wé gèlè? Wọ́n tún ní ìjọba ń gba owó orí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, mi ò fẹ́ kó ọmọ mi sí gbèsè.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
Ẹ kú oríire ọmọ tuntun mà. Jámánì ni mò ń gbé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ ìjọ tó sì ń san owó orí lórí iṣẹ́ ni wọ́n ń gba tiẹ̀, wọ́n á fi ìdá 9 nínú 100 owó orí yẹn kún un, 8 ni ní ìpínlẹ̀ Bavaria àti Baden-Württemberg, àlejò ò san kọ́bọ̀. Wọ́n sábà máa ń jókòó kọrin, wọ́n á wá dìde gbàdúrà, ẹ ṣáà máa wo ẹni tó wà níwájú yín. Nọ́ńbà orin máa ń wà lórí pátákó lára ògiri. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń gba ọrẹ tẹ́ ẹ bá ń jáde, kò sí ijó, ẹ mú owó ẹyọ dání.

Kọ́yà Mọ́mì, Ọ̀wọ̀:
Ìyá mi, ẹ lọ o! Nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi níbẹ̀, obìnrin ni pásítọ̀ wọn, ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu torí Áńgílíkà tiwa kì í fi obìnrin jẹ àlùfáà, àmọ́ ó wàásù tọkàntọkàn, mo rí i lójú ẹ̀ bí mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí gbogbo ìjọ pa ohùn pọ̀ mo ti mọ̀ pé Àdúrà Olúwa ni, lèmi náà bá bẹ̀rẹ̀ tèmi ní Yorùbá, a jọ ṣàmín. Kí ọmọ yín bá yín wo Bíbélì tí wọ́n máa kà láti Sátidé, kẹ́ ẹ ka ti Yorùbá. Ẹ wé gèlè yín, kó má kàn ga jù, kí ẹni ẹ̀yìn lè ríran. Ẹ má bọ́ kóòtù tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, àwọn náà kì í bọ́ ọ.

Bàbá Ìjọ, Àkúrẹ́:
Ìyá wa, ẹ gba Kọmúníọ̀nù yín. Ìjọ Áńgílíkà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì Jámánì, tí ọ̀pọ̀ ìjọ Lútérà wà lára wọn, ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Meissen ní 1991, tábìlì Olúwa wà lára ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ti Àgùdà ló yàtọ̀, ọmọ ìjọ wọn ni wọ́n ń fún. Ẹ ò sì kì í ṣe àjèjì sí wọn rárá o, David Hinderer tí CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, rán wá dá ìjọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1853, ọmọ Jámánì ni.

Ìyá Ìjọmú, Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé ọtí gidi ni wọ́n ń lò? Mi ò kì í mu ún.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
Ọ̀pọ̀ wọn ń lo omi èso àjàrà mà, kí ọmọ yín bi wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ. Kó tún wo àkókò bọ́ọ̀sì, kì í pọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.