Gírísì wo ló yẹ bíárìn ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Kétu níbí ni mo ti ń lọ àgbàdo. Lọ́jọ́ ọjà, ẹ̀rọ kì í sinmi. Tí oòrùn bá mú, bíárìn, irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, á gbóná débi pé ọwọ́ ò ní í gbà á, gírísì á yọ́ dànù, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ ìyókù, á sì máa ha irin. Mo ti pààrọ̀ bíárìn, mo ti dẹ bẹ́líìtì díẹ̀, mo sì ti fọ gírísì àtijọ́ kúrò pátápátá, torí oríṣi méjì lè má bára mu. Gírísì lithium nọ́ńbà 2 ni mò ń lò (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí gírísì ṣe ki tó). Oúnjẹ ni mò ń lọ̀, n ò fẹ́ kí gírísì kán sínú ìyẹ̀fun ẹnikẹ́ni rárá! Ṣé nọ́ńbà 3 ni kí n bọ́ sí, àbí irú tí wọ́n ṣe fún ooru gíga? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ yín.