Ìgbà tí wàhálà tán ni tèmi bẹ̀rẹ̀

Ọmọ Aláró:
Ẹ káalẹ́ o. Mo ti ń ka ìrírí yín nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn níbí látìjọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, tó bá gùn ẹ má bínú.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ni mo dàgbà sí, màmá mi ń rẹ aṣọ láró, bàbá mi ń gun ọ̀kadà, ó sì ń mu ọtí (mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ẹ fojú fo ìyẹn). Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti máa ń mọ bí alẹ́ ṣe máa rí látinú bí ọ̀kadà yẹn bá ṣe kú lẹ́nu géètì. Tó bá rọra kú, a máa jẹun sùn. Tó bá ta gìì, tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, màá ti ti àbúrò mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun kì í tiẹ̀ bọ́ bàtà sùn torí ó lè di òru ká sá lọ ilé ìyá àgbà. Ojú ọwọ́ aró kan wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ibi tí màmá máa ń fọwọ́ tì kí wọ́n má bàa ṣubú. A kun ilé lọ́dún kan, ọ̀dà ò bò ó.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní SS2. Ilé dákẹ́. Mo lọ poly, mo ṣe agùnbánirọ̀, mo ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọláìyá, mo gba yàrá tèmi l'Ókè-Baálẹ̀. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ dáa tán yẹn gan-an ló dé. Kì í ṣe ẹkún o, oorun ni. Màá sùn láti alẹ́ Fúráìdè títí di Sọ́ńdè, ọbẹ̀ á kan lórí stóòfù, ara mi á wúwo bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀, mo gbà á, ebi ló kàn pa mí.

Orí fífọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nọ́ọ̀sì fún mi níwèé kan tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìbéèrè 9, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: ṣé ò ń sùn jù, ṣé oúnjẹ ń lọ, ṣé ò ń rò ó pé ó sàn kó o kú. 27 ló ga jù, mo gba 19. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò pé mo páàsì ni, àṣé bó bá ṣe ga tó ni ìrẹ̀wẹ̀sì náà ṣe le tó. Dókítà ò bi mí nípa iṣẹ́ tàbí ọkọ, ó ní, "Nígbà tó o wà ní kékeré, báwo nilé yín ṣe rí?" Ẹnì kankan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹkún tí mi ò sun láti SS2, orí àga yẹn ni mo ti sun ún.

Bàbá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Àmọ́ ṣé gbogbo wa kọ́ la jẹ pàṣán dàgbà ni? Bẹ́líìtì ni bàbá tèmi fi ń nà wá, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan.

Ọmọ Aláró:
Ẹ ṣé sà. Èmi náà bi dókítà bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n ṣèwádìí kan ní San Diego, Amẹ́ríkà, láàárín 1995 sí 1997, àgbàlagbà tó lé ní 17,000 ni wọ́n bi nípa ohun tójú wọn rí kí wọ́n tó pé 18: nínà, èébú, ìyá tí wọ́n ń lù, ọ̀mùtí nílé, irú ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí mẹ́rin nínú ẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tètè ń mú un ní bí ìlọ́po 4 ju ẹni tí ò rí ìkankan. Wọn kì í sì í ṣe òtòṣì o, ọ̀pọ̀ wọn kàwé, wọ́n ní íṣọ́ránsì, èmi tí mo ti ń rò ó pé ìṣẹ́ ló fa tiwa. Ó ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń mú, torí náà mi ò sọ pé ẹ̀ ń parọ́. Ó kàn jẹ́ pé ara ọmọ tó ń ṣọ́ géètì lálaalẹ́ ti mọ́ ṣíṣọ́ ọ, ẹni tí ọmọ ń ṣọ́ lè ti kú, ara ò mọ̀.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan", ohun tí àbúrò mi náà máa ń sọ nìyẹn sà. Ó ti pé 22, ó ń dá gbé l'Álékúwodò, ó ṣì ń wọ bàtà sùn. Mo ya fọ́tò ìwé ìbéèrè yẹn, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp láàárọ̀ àná. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.