Àkèré agungi àti ọgbà gíláàsì

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú akitiyan. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ará Òṣogbo béèrè orúkọ tí òun lè máa pe ẹ̀dá kékeré aláwọ̀ ewé tí òun ń sìn nínú gíláàsì. Àwọn kan dáhùn pé "ọ̀pọ̀lọ́ igi" ni, kí ilé rẹ̀ sì máa jẹ́ "àgò gíláàsì". N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Ta ni kò mọ ìwà ọ̀pọ̀lọ́? Ọ̀pọ̀lọ́ ń yan káńdú-kàǹdù-káńdú lójú ẹlẹ́gùúsí, ẹlẹ́gùúsí ò gbọdọ̀ yí i láta. Ilẹ̀ ló ti ń yan, awọ rẹ̀ ní kókó, a kì í sì í jẹ ẹ́. Èyí tí à ń wí yìí, ara rẹ̀ ń dán, itan rẹ̀ gùn, fífò ló ń fò. Àkèré ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "àkèré igi" ní Òṣogbo tí àwọn agbẹ́gilére kún inú rẹ̀, èrò á rò pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ àkèré agungi. Ọ̀kan wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, Chiromantis rufescens, tó jẹ́ pé orí ewé tó yọ sókè omi ló ń po ìhó funfun sí. Inú ìhó yẹn ló ń yé sí. Bí àwọn ọmọ bá pa, wọn a já bọ́ sómi.

Ti àgò yẹn ló ká mi lára jù. Híhun la ń hun àgò, atẹ́gùn ń gba gbogbo ara rẹ̀ wọlé, ó sì dára fún adìyẹ. Àkèré kì í fẹnu mu omi, awọ ló fi ń fà á. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, inú àgò ni yóò gbẹ kú sí. Gíláàsì ló ń bá a dá ọ̀rinrin dúró, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì díẹ̀ lókè fún afẹ́fẹ́. (Nítorí awọ yìí kan náà, ẹ má fi ọwọ́ ọṣẹ kàn án, ẹ má sì bu omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì sí i.)

Ọgbà ni mo dìbò fún. Ibi tí a gbin nǹkan sí ń jẹ́ ọgbà, ohun tí a fi yí nǹkan ká náà ń jẹ́ ọgbà. Iyẹ̀pẹ̀, ewéko àti ẹ̀ka igi ló wà nínú rẹ̀, gíláàsì ló yí i ká: ọgbà gíláàsì. Ewéko ló sì ṣáájú ẹranko débẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1829, Nathaniel Ward, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé ewéko hù nínú ìgò tí òun dé pa, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpótí onígíláàsì fún ewéko.

"Ẹran ọ̀sìn" ńkọ́? Ohun ọ̀sìn ni kẹ́ ẹ wí, torí ọ̀pọ̀ wa ló ti fi àkèré jẹ iyán rí.

Ó ku ìka rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní lóru, bí òun bá ju ìrẹ̀ sí i, kì í wo èyí tó dúró gbagidi. Èyí tó bá mira ló ń fò mọ́, á sì balẹ̀ sára gíláàsì láìyọ̀. Orí ìka kọ̀ọ̀kan fẹ̀, ó rí róbótó. Mo ń pe orí ìka yẹn ní ìlẹ̀mọ́. Ṣé ó bá etí yín mu, àbí ẹ ní èyí tó sàn jù?