Ìrìn àjò síkì wa: Les Arcs la mú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará. Mo bèèrè ibi tí a lè kó àwọn ọmọ lọ ṣe síkì (eré yíyọ̀ lórí yìnyín) ní òkè Alps ilẹ̀ Faransé, láìwa mọ́tò lórí yìnyín. Les Arcs, ibùdó síkì kan níbẹ̀, la mú o, mo ti sanwó ilé. Reluwé la máa wọ̀ láti Gare de Lyon ní Paris dé Bourg-Saint-Maurice. Ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ náà ni ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè wà, ìṣẹ́jú 7 péré ló fi ń dé Arc 1600, ọ̀kan lára àwọn abúlé Les Arcs. Ìyẹn gan-an ló wù mí jù! Ọ̀dọ̀ ESF, ilé ẹ̀kọ́ síkì ilẹ̀ Faransé tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń wọ aṣọ pupa, làwọn ọmọ á ti kọ́ síkì. Ọ̀nà síkì tí wọ́n fi àwọ̀ ewé sàmì sí ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, òun ló rọrùn jù. Ìbéèrè mi ti lójútùú.