Ọ́síjìn 1% fún sẹ́ẹ̀lì ọkàn: ọgbọ́n wo lẹ ń dá bí iná bá lọ?

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìbàdàn la ti ń kọ̀wé. CXCR4 àti integrin β1, purotéènì méjì tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọkàn eku, là ń yẹ̀ wò: báwo ni wọ́n ṣe ń gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ikú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ẹran ọkàn mọ́? Sca-1, purotéènì àmì kan lára awọ wọn, la fi ń ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. A ò wọ ìjà ti 2018 lórí c-kit, àmì mìíràn tí àwọn kan fi ń ṣa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọkàn.

Trypsin 0.25%, èròjà tí wọ́n sábà fi ń tú sẹ́ẹ̀lì kúrò lára àwo, máa ń gé purotéènì ara awọ jẹ, nítorí náà Accutase, èyí tó rọra ju ú lọ, la fi ń ká sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Ẹni tó bá lo EDTA, kẹ́míkà tó ń gbá kálísíọ́mù mú, kó ṣàn án dànù dáadáa kó tó fi Annexin V, tó ń fi sẹ́ẹ̀lì tó ń kú hàn, sí i: Annexin V ò lè lẹ̀ láìsí kálísíọ́mù, sẹ́ẹ̀lì tó ń kú á wá dà bí alààyè.

Iná gan-an ni wàhálà. Wákàtí 24 la fẹ́ fi sẹ́ẹ̀lì sínú ọ́síjìn 1%, kó dà bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọkàn, àmọ́ iná ló ń gbé ẹ̀rọ tó ń mú un dúró bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá wọlé, HIF-1α, purotéènì tó máa ń pọ̀ nígbà tí ọ́síjìn bá kéré, tó sì ń mú CXCR4 pọ̀, á pòórá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ́síjìn tó rọ́ wọlé lójijì náà á sì tún máa pa sẹ́ẹ̀lì.

Ṣé àpótí tí a dì pa, tí a fi náítírójìn 94%, CO2 5% àti ọ́síjìn 1% kún, á lè dúró di ọjọ́ kejì? Ṣé ẹ máa ń tún fẹ́ gáàsì yìí sínú rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, torí ọ́síjìn tó fara pamọ́ sínú omi àti ike? Kẹ́míkà cobalt chloride 100 µM rọrùn, àmọ́ HIF ló ń gbé ró, kì í dín ọ́síjìn kù. Èwo lẹ fọkàn tán?