Boko Haram àti ISWAP: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé agbègbè Lake Chad rí, kí lojú yín rí?

Ìyá_Ẹlẹ́ja: Ọkọ mi máa ń lọ ra ẹja gbígbẹ ní Baga ní Borno, létí Lake Chad. Lẹ́yìn tí Boko Haram pín sí méjì lọ́dún 2016, tí ISWAP tó jẹ́ ti ISIS dá dúró, táwọn yòókù wà lẹ́yìn Shekau olórí wọn, ó ní àwọn apẹja á kọ́kọ́ sanwó fún ISWAP kí wọ́n tó ju àwọ̀n, wọ́n á já rìsíìtì fún wọn, ẹ gbọ́ mi ṣá, rìsíìtì! Wàhálà ibẹ̀ ni pé táwọn ti Shekau bá ká a mọ́ ẹ lápò, o ti di ọ̀tá nìyẹn. Òun ò dúró wòran, ó kẹ́rù wálé.

Dírẹ́bà_Tírélà: Rìsíìtì kẹ̀? Irọ́ ti pọ̀ jù níbí.

Sójà_Fẹ̀yìntì: Kì í ṣe irọ́, àbúrò. Monguno ni mo wà, a máa ń rí i lára àwọn tá a bá mú. ISWAP ò fi bẹ́ẹ̀ dójú sọ mẹ̀kúnnù, àwa sójà ni wọ́n ń wá, torí ìbọn tó wà ní bárékè. Lójú Shekau, ẹni tí ò bá ti tẹ̀ lé e, kèfèrí ni, Mùsùlùmí ni o. Ohun tó dájà sílẹ̀ láàárín wọn nìyẹn. May 2021 táwọn ISWAP ká Shekau mọ́ igbó Sambisa tó fi bọ́ǹbù para ẹ̀, a jó! Àṣé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì wà lórí erékùṣù Lake Chad tí wọ́n ń kóra jọ.

Adé_Ọ̀kín: Kí wọ́n máa para wọn lọ jàre. Kí ló kàn wá?

Ìyá_Ẹlẹ́ja: Adé, àwọn tó wà láàárín wọn ńkọ́?

Ọmọ_Parakou: Ohun táwọn èèyàn wa ń sọ náà nìyẹn nígbà tí JNIM tó jẹ́ ti Al-Qaeda àtàwọn ti ISIS ń bára wọn jà ní Mali. Èyí tí wọ́n bá lé níbì kan á wá ilẹ̀ míì. April 2025 JNIM pa sójà Benin Republic 54 lápá Park W, igbó ẹranko tó wà ní ààlà Benin, Niger àti Burkina Faso, àwọn ẹbí ìyá mi ò lè lọ oko mọ́. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà JNIM ní àwọn ló jà ní Kwara. Ṣé Kwara náà jìnnà sí ẹ ni?

Adé_Ọ̀kín: Ó ti yé mi, ẹ má bínú.

Dírẹ́bà_Tírélà: Niger Republic ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. March 2025 ni wọ́n jáde nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ Lake Chad.

Sójà_Fẹ̀yìntì: Kí wọ́n tó jáde ńkọ́, ṣé a ń sùn ni?

Dírẹ́bà_Tírélà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú ní gbà láéláé. Ọmọ Parakou, mo ní ẹrù tó ń lọ Malanville, ní ààlà Benin àti Niger, ṣé kí n gbé e?

Ọmọ_Parakou: Gbé e, ṣùgbọ́n má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ẹ lọ́nà.

Ìyá_Ẹlẹ́ja: Má gbé e o!