Èsì: Olmsted kì í ṣe "ayàwòrán-ilẹ̀"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ kú làálàá èdè.

Mo ti ní n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé Frederick Law Olmsted, ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó ṣètò Central Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá ní New York, ránṣẹ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá tún padà wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní "ayàwòrán-ilẹ̀" tí àwọn fi túmọ̀ "landscape architect" (ẹni tó ń ṣètò ilẹ̀ ọgbà ìgbafẹ́ àti irú rẹ̀) ti di ọ̀rọ̀ àjọgbà, pé ẹni tí kò bá gbà á, Yorùbá onítọ̀hún ni kò jinlẹ̀. Àjọgbà láàárín ta ni? Èèyàn mẹ́ta péré ló fèsì sí ìtàn náà, ọ̀kan nínú wọn sì ń béèrè bóyá ìpàdé ọjọ́ Sátidé ṣì wà ni. Wọ́n fi kún un pé ọdún 31 làwọn fi kọ́ni ní Yorùbá. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò dáa.

A ti ní "ayàwòrán-ilé". Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ya àwòrán ilé kí bíríkìlà tó po sìmẹ́ǹtì. Ẹ wá yọ ohùn òkè kúrò lórí "ilé", ẹ fi ohùn ìsàlẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ sọ àmì kékeré kan sábẹ́ lẹ́tà, ẹ ní ẹ ti dá ọ̀rọ̀ tuntun. Lórí fóònù tí ìdajì wa níbí fi ń tẹ̀wé láìsí àmì, "ayaworan ile" ni méjèèjì. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kan á lọ forúkọ sílẹ̀ fún èkejì, bàbá rẹ̀ á sanwó, ọdún kejì ni wọn ó tó mọ̀.

Àti pé "àwòrán ilẹ̀" ti ní olówó orí tẹ́lẹ̀. Máàpù ni. Èyí tí tíṣà máa ń fi kọ́ sára ògiri nígbà tá a wà ní kékeré, tí wọ́n á fi pàṣán tọ́ka sí odò Ọya lórí ẹ̀, kí la pè é? Nítorí náà ayàwòrán-ilẹ̀ ni ẹni tó ń ya máàpù, ó sún mọ́ iṣẹ́ sọfíyọ̀. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Bàbá mi (kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere) fa ṣéènì lẹ́yìn sọfíyọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ló ń fi àdá la ojú ọ̀nà nínú igbó kí ọ̀gá tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí bébà bá ní ibí ni ààlà wà, tí pèrègún tí àwọn àgbà gbìn sì wà lọ́ọ̀ọ́kán, bàbá mi á ti fìlà sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ ò kàwé o, ọ̀gá." Ọ̀gá á bínú. Ibi tí pèrègún wà náà ni wọ́n á padà ri òpó mọ́ nígbẹ̀yìn.

Arákùnrin tó gbèjà ẹ̀gbọ́n wa tún dá kún un. Ó ní "yà" olóhùn ìsàlẹ̀ ló wà nínú "ayàwòrán", pé ó bá "yà sọ́tọ̀" tan, nítorí náà ìtumọ̀ pé onítọ̀hún ń ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Háà! Ohùn ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ìṣe rárá, ti "àwòrán" ni. Ta ló ń sọ pé "mo yà àwòrán"? "Mo ya àwòrán" là ń wí. Bí irú ọ̀rọ̀ ìṣe bẹ́ẹ̀ bá ti kan ọ̀rọ̀ orúkọ tó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ á di ohùn àárín, lẹ́yìn náà ni ìpàrójẹ á gbé fáwẹ̀lì rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ ni "à" ti àwòrán. Fọ́ọ̀mù tú la ti kọ́ èyí.

Àmọ́ ká tilẹ̀ fi gírámà sílẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọkùnrin tí wọ́n ń wá orúkọ fún kì í ṣe ayàwòrán. Ìtàn tí ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn kọ ló sọ bẹ́ẹ̀, bóyá wọn ò kà á lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́ tán ni. Hartford ní Connecticut ni wọ́n bí Olmsted sí, 1822. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, ewé olóró kan bà á lójú jẹ́, ìwé tó yẹ kó kà ní yunifásítì Yale sì forí ṣánpọ́n. Ó ṣe akọ̀wé nílé ìtajà ní New York, kò pẹ́ níbẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ṣáínà ní 1843, àìsàn fojú rẹ̀ rí màbo. Ó dáko ní Staten Island. Ó di oníròyìn, ó rin ìpínlẹ̀ àwọn olówó ẹrú ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà já, ó sì kọ ohun tójú rẹ̀ rí sínú ìwé ìròyìn. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tó gba iṣẹ́ alábòójútó Central Park ní 1857. Èwo nínú gbogbo èyí ni yíya àwòrán?

Calvert Vaux lọ́wọ́ rẹ̀ mọ kálámù. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni Vaux, òun gan-an ni ayàwòrán-ilé tó kọ́ṣẹ́, òun ló sì pe Olmsted pé kí wọ́n jọ díje fún ètò Central Park. Ètò 33 ló wọlé fún ìdíje náà, tiwọn, tí wọ́n pè ní Greensward, ló dé gbẹ̀yìn, òun ló sì gba ipò kìíní ní 1858. Ní 1860, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin dojú Olmsted dé, itan rẹ̀ kán. Kò dúró sílé. Ṣe ni wọ́n ń gbé e káàkiri orí ilẹ̀ náà tó ń wo iṣẹ́ àwọn lébìrà. Ṣé ẹni tó bá jẹ́ àwòrán ló ń yà á jẹ́ kí wọ́n máa gbé òun ká inú ẹrẹ̀ kiri báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Lọ́dún tí mo lọ kí àbúrò mi ní Brooklyn, ó mú mi lọ sí Prospect Park, èyí tí Olmsted àti Vaux bẹ̀rẹ̀ ní 1866 lẹ́yìn tí wọ́n ti fi Central Park kọ́gbọ́n. A gba abẹ́ afárá kan tí wọ́n ń pè ní Endale Arch wọlé. Ó ṣókùnkùn níbẹ̀, ó tutù, ìró ẹsẹ̀ rẹ á máa dá ọ lóhùn, o ò sì rí nǹkan kan níwájú ju ihò ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí o bá jáde báyìí, pápá kan á kàn là gbàragàdà síwájú rẹ, koríko ni títí, ilẹ̀ á rọra lọ sókè rọra lọ sísàlẹ̀, igi á wá yí i ká débi pé ojú rẹ ò ní rí òpin rẹ̀. Mo dúró. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo èèyàn ló máa ń dúró níbẹ̀. Bí ẹnì kan ṣe ṣètò pé kí n gba inú òkùnkùn kọjá kí pápá lè là mọ́ mi lójú nìyẹn, ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí n tó débẹ̀. Ní Central Park ńkọ́? Ọ̀nà mẹ́rin ló gba ibẹ̀ kọjá fún ọkọ̀ ìlú, wọ́n sì rì wọ́n sísàlẹ̀ bíi kòtò. Ò ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì, o ò rí bọ́ọ̀sì. Adágún tó rí bíi pé Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀, irà ni tẹ́lẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ.

Ẹ wá gbọ́ èyí o, tórí òun ló mú mi kọ̀wé. Olmsted fúnra rẹ̀ kórìíra orúkọ iṣẹ́ yìí! Ní 1865, nínú lẹ́tà kan tó kọ sí Vaux, ó ní orúkọ òṣì náà ń yọ òun lẹ́nu nígbà gbogbo. Ó ní "landscape" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dáa, "architecture" ò dáa, àpapọ̀ àwọn méjèèjì ò dáa, ká sì wá pè é ní iṣẹ́ ọgbà, ìyẹn ló burú jù. Ẹni tó ni iṣẹ́ kọ orúkọ náà lédè tirẹ̀. Àwa wá jókòó, à ń ti ohun tó kọ̀ yẹn bọ inú Yorùbá léegun-léegun, "architect" di ayàwòrán, "land" di ilẹ̀, ó parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká wo iṣẹ́ kó tó di pé a sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tó ń pe babaláwo ní babaláwo ò wo ìwé atúmọ̀ èdè kankan.

Ọ̀rọ̀ tèmi ni "atúnlẹ̀tò": ẹni tó ń tún ilẹ̀ tò. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé "àtúntò" ń rùn fún òṣèlú, pé bí èèyàn bá gbọ́ ọ báyìí, àríyànjiyàn lórí ìwé òfin Nàìjíríà ló máa sọ sí i lọ́kàn. Kó rùn bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó rùn. Kí Central Park tó wà, àwọn èèyàn ń gbé lórí ilẹ̀ náà, nǹkan bí 1,600. Seneca Village wà lára wọn, ìlú kékeré tí àwọn adúláwọ̀ tó ti gbòmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilẹ̀ rẹ̀ láti 1825. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà níbẹ̀, ilé ìwé wà. Láyé ìgbà náà, ọkùnrin adúláwọ̀ tí dúkìá rẹ̀ ò bá tó $250 kò lè dìbò ní New York, nítorí náà ilẹ̀ yẹn ju ilẹ̀ lásán lọ. Ní 1857, ìjọba ti fi òfin gba gbogbo rẹ̀, wọ́n lé wọn. N kò ní kí ẹ di ẹ̀bi yìí ru Olmsted nìkan, ètò tirẹ̀ àti ti Vaux kò tíì wọlé nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní wọ́n "ya àwòrán" ibẹ̀ ti pa àwọn ará Seneca Village rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá ní wọ́n tún ilẹ̀ tò, ẹlòmíì á béèrè pé: àwọn tó wà lórí ẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè tí ìyá wa kan bi mí ní kọ̀rọ̀ dára, pé ṣé à ń to ilẹ̀ ni, ṣebí iṣu là ń tò, bíríkì là ń tò. Mo fẹ́ fi àpáàdì tí wọ́n tò mọ́lẹ̀ n'Ifẹ̀ láyé àtijọ́ dá wọn lóhùn, àmọ́ mo rí i pé àpáàdì ni wọ́n tò níbẹ̀ náà, kì í ṣe ilẹ̀. Mo ṣì ń rò ó.

Àwọn náà ni wọ́n mú "atolú" wá fún ẹni tó ń ṣètò ìlú. Olmsted yẹ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ó so àwọn ọgbà Buffalo pọ̀ mọ́ra wọn láti 1868, ó la ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ sí ìlú Riverside ní Illinois ní 1869, ó sọ irà tó ń rùn ní Boston di ibi tí àwọn èèyàn ń gbafẹ́. Àmọ́ ìyá wa, níbo ni ohùn "ìlú" gbà lọ? Ẹ wo "òṣèlú". Ṣe àti ìlú ni, fáwẹ̀lì lọ, ohùn rẹ̀ jókòó. "Atòlú" ló yẹ kó jẹ́. Ẹ tún wá rò ó wò bí ẹnì kan bá kọ ọ́ láìsí àmì, tí ẹlòmíì kà á sí "atọ̀lú". Atọ̀ọ́lé la mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún ku ẹni tó ń tọ̀ sí gbogbo ìlú. "Aṣètò-ìlú" ti wà nílẹ̀, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni.

Ọmọ wa tó wà ní Brooklyn, tó ní ká kúkú pe Central Park ní "Páàkì Àárín": jọ̀ọ́, ìgbà wo lo wálé kẹ́yìn? Bí o bá sọ fún ẹni tó wà n'Ìbàdàn pé o fẹ́ lọ gbafẹ́ ní páàkì, Ìwo Road ló máa júwe fún ọ, àgbèrò á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ, á tì ọ́ mọ́ ọkọ̀ Èkó. Ọgbà ìgbafẹ́ ni. "Parkway" tó o béèrè (ọ̀nà gbòòrò tí wọ́n gbin igi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́), Olmsted àti Vaux ló dá ọ̀rọ̀ yẹn, Eastern Parkway tí ẹ ti ń ṣe kàníválì níbẹ̀ wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀. N kò ní túmọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ bá ń ṣàtúnṣe ìtàn yẹn, ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ ní 1895 ló kú. 1895 ló fiṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí iyè rẹ̀ ti ń rá. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 1903 ló kú, ní McLean, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.